Mo pàtẹ́wọ́ fún Haydn, gbogbo gbọ̀ngán yíjú sí mi. Ta ló ní ká máa dákẹ́?

Olùṣọ́Òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán kí ọkàn mi lè fúyẹ́.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ilé ìkẹ́rùsí ni mò ń ṣọ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, èmi àti gílóòbù iná la jọ ń wo ara wa. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin gbé orin kan sórí fóònù mi, ó ní kí n máa gbọ́ ọ kí oorun má baà gbé mi lọ. Bach ni. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju àwọn tó kọ orin Yúróòpù àtijọ́: Bach, Handel, Vivaldi, Haydn, Mozart. N kò kàwé orin o. Ṣùgbọ́n etí mi ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ yìí kan náà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n lọ fojú ara mi rí ọ́kẹ́sírà. Síńfónì Haydn kan (orin gígùn fún ọ́kẹ́sírà, apá mẹ́rin ló sábà máa ń ní) wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 90. Mo wọ aṣọ tó dáa. Ìlà kẹrin ni mo jókòó sí. Nígbà tí apá kìíní parí (ó sì parí dáadáa, pẹ̀lú fèrè idẹ àti ìlù), mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan. Ìyá kan tó wà níwájú mi yíjú padà, ó wò mí bí ẹni pé mo sín sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Apá kejì parí, mo dákẹ́. Apá kẹta parí, mo dákẹ́. Mo ti kọ́gbọ́n. Apá kẹrin wá dé, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó dé òpin, ìlù dún gbì, fèrè ké, gbogbo nǹkan dúró wámú. Mo kà á lọ́kàn, apá mẹ́rin ti pé. Mo ní ó yá wàyí. Mo pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn, àní mo ti ń gbìyànjú àtidìde. Ẹ̀yin ará, àwọn olórin náà gbé fayolíìnì wọn, wọ́n sì ń bá orin lọ! Ẹni tó ń darí wọn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn ò rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé báyìí ni àwọn tí wọ́n kọ orin yìí fún ṣe ń gbọ́ ọ, kí wọ́n jókòó bí ère, kí wọ́n má lè wúkọ́? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló gbé òfin yìí kalẹ̀? Mo tún fẹ́ mọ ìdí tí orin Bach fi dà bí ẹni tí kì í mí, tí ti Haydn sì máa ń dúró, tó ń bojú wẹ̀yìn, tó ń bá èèyàn ṣeré. Ọmọ mi ní Baroque ni ti àkọ́kọ́, Classical ni èkejì, pé kí n lọ kà á. Mo kà á. Orúkọ àti ọdún ni mo rí, n kò rí ìdí.

ÌyáDùrù

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtìjú. Ẹ fọkàn balẹ̀, Haydn ló mú yín. Ọdún 1788 ló ti dẹ pàkúté yẹn sílẹ̀, ó sì ń mú èèyàn títí dòní.

Nínú apá kẹrin nọ́ńbà 90, orin náà parí pátápátá lórí C, ohùn tó jẹ́ ilé rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo tó yẹ kí síńfónì fi parí. Lẹ́yìn náà ló kọ ìdákẹ́ sílẹ̀ fún báà mẹ́rin gbáko (báà ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń pín orin): kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn ni orin tún yọjú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí D-flat, ohùn mìíràn tí kò bá C tan rárá, bí àlejò tó ti dágbére, tó ti ti ilẹ̀kùn, tó wá ń yọrí lójú fèrèsé. Ẹ rò ó wò: bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ń jókòó bí ère ni, ta ló ń dẹ pàkúté fún? Ẹni tó mọ̀ dájú pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ nìkan ló lè fi àtẹ́wọ́ wọn ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ti Mozart tiẹ̀ wà lákọsílẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1778 wọ́n ṣe síńfónì tuntun rẹ̀ kan ní Páríìsì, nínú ààfin Tuileries. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé ibì kan wà láàárín apá kìíní tí òun ti mọ̀ pé wọn ò ní lè pa á mọ́ra, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe lẹ́yìn apá kìíní o, Bàbá. Àárín rẹ̀ ni, orin ṣì ń lọ. Nítorí pé ó ti mọ̀, ó ti mú ibẹ̀ padà wá síwájú òpin, wọ́n sì tún ké. Ó ti gbọ́ pé gbogbo ohun èlò ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ apá tó kẹ́yìn ní Páríìsì. Òun wá fi fayolíìnì nìkan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn èrò ń sọ fún ara wọn pé "ṣííì!" Bí ariwo ṣe wá bẹ́ lójijì, àtẹ́wọ́ bẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní nígbà tó parí, òun lọ jẹ áísìkirimù tó dáa, òun sì gba àdúrà rosárì tí òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́.

(Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé ara ìyá òun kò yá rárá. Irọ́ ni. Ìyá náà ti kú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Páríìsì, kò kàn fẹ́ kí ìròyìn náà ba bàbá lójijì ni. N kì í lè ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ áísìkirimù yẹn kí n má rántí èyí.)

Síńfónì gan-an, wọn ò tiẹ̀ kà á sí ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọdọ̀ gé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1783, ní Vienna, níwájú Olú-ọba Joseph Kejì, Mozart fi apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú síńfónì Haffner ṣí eré, ó kó orin akọrin, kọ̀ńṣáátò (orin tí ohun èlò kan ń ṣáájú ọ́kẹ́sírà) àti oríṣiríṣi sí àárín, ó wá fi apá kẹrin pa eré dé. Ẹni tó bá ní òun ò ní pàtẹ́wọ́ títí apá mẹ́rin yóò fi pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á ti kú.

Ti ópẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin kọ, kí ẹ má tiẹ̀ dárúkọ. Láti ọdún 1637 tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngán ópẹ́rà San Cassiano ní Venice fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ìdílé olówó a máa háyà yàrá kékeré fún gbogbo sáà eré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta káàdì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò. Bí akọrin tí wọ́n fẹ́ràn bá bọ́ síwájú, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á gbọ́, wọ́n á ní kó tún un kọ. Ní ọdún 1786, nígbà tí ópẹ́rà Figaro ti Mozart jáde ní Vienna, wọ́n ní kí wọ́n tún orin kọ títí eré ò fi fẹ́ parí mọ́. Joseph ló pàṣẹ pé orin ẹnì kan ṣoṣo nìkan ni wọ́n lè máa tún kọ láti ìgbà náà lọ. Ọba ló dá ariwo dúró, kì í ṣe ìyá tó jókòó níwájú.

Ìdákẹ́ tí ẹ bá pàdé yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e ló bí i. Mendelssohn, tí òun náà ń kọ orin, fẹ́ kí wọ́n ṣe síńfónì rẹ̀ ti Scotland ti ọdún 1842 láìdúró láàárín apá kan sí èkejì. Wagner, tó ń kọ ópẹ́rà, mú kí gbọ̀ngán rẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì ṣókùnkùn ní ọdún 1876, kí ojú má baà rí ohun mìíràn wò. Orin wá kúrò ní ohun tí a ń ṣe nígbà tí a ń ṣe nǹkan mìíràn, ó di ohun tí a ń wọ aṣọ ìsìn lọ bá. N kò sọ pé ó burú. Èmi náà fẹ́ràn kí èrò dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má purọ́ fún wa pé Haydn ló ní kí a dákẹ́.

AkọrinBéèsì

Àǹtí Dùrù, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yọ ẹnì kan kúrò nínú ìkòkò yẹn kí ẹ tó dé e. Bach kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́Òru bi wá léèrè Bach náà.

Ẹni tó gbọ́ Bach ní Leipzig láàárín ọdún 1723 sí 1750, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ ọ jù: Thomaskirche tàbí Nikolaikirche, lọ́jọ́ Ìsinmi. Aago méje àárọ̀ ni ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Káńtátà, orin ìsìn fún akọrin àti ohun èlò, wà láàárín rẹ̀, ó súnmọ́ ìwàásù, bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa pàtẹ́wọ́ níbẹ̀? Àwọn èèyàn ra ìwé kékeré tí ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fojú bá a lọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́, àwọn ọmọkùnrin tí òun Bach fúnra rẹ̀ ń kọ́. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbé tuntun jáde: kó kọ ọ́, kí ìyàwó àti ọmọ bá a dà á kọ, kí wọ́n fi dánrawò, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nǹkan bí igba ló kù lọ́wọ́ wa.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ irú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ ka lẹ́tà tó kọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1730 sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Erdmann ní Danzig. Ó ń wáṣẹ́ mìíràn. Ó ní àyè òun ń mú nǹkan bí 700 taler (owó Jámánì ìgbà náà) wá lọ́dún, ṣùgbọ́n owó òkú, ti orin ìsìnkú, wà nínú rẹ̀: bí òkú bá pọ̀, owó a wọlé, bí afẹ́fẹ́ bá dára, owó a lọ sílẹ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá òun pàdánù ju 100 taler lọ, torí àwọn èèyàn Leipzig kọ̀, wọn ò kú tó! Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ Bach bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ áńgẹ́lì, gbólóhùn yìí ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe yín ní èrú. Bach kan náà, láti ọdún 1729, ló tún ń darí ẹgbẹ́ olórin kan nílé kọfí Zimmermann. Ibẹ̀ la ti mú orin rẹ̀ nípa ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kó fi kọfí sílẹ̀, tí kò gbà. Ife ń dún, èéfín tábà ń rú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìdákẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ariwo. Nítorí náà, Àǹtí, kì í ṣe pé ayé ìgbà náà ń pariwo, ayé tiwa ló ń dákẹ́. Ibi tí orin bá wà ló ń sọ ohun tí etí máa ṣe.

OníwèéÀtijọ́

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ẹni tó sanwó kún un, torí nọ́ńbà 90 tó dójú ti Bàbá yìí, Vienna kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Páríìsì ni.

Ní ọdún 1761 tí Haydn wọ iṣẹ́ àwọn Esterházy, ìdílé ọmọọba kan, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé kó máa wọ aṣọ ìránṣẹ́ ilé náà, ìbọ̀sẹ̀ funfun, kí irun rẹ̀ ní àtíkè. Kó máa wá dúró ní yàrá ìta lójoojúmọ́, ṣáájú ọ̀sán àti lẹ́yìn ọ̀sán, kó bèèrè bóyá Ọmọọba fẹ́ gbọ́ orin. Ohunkóhun tó bá kọ, Ọmọọba ló ni ín, kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Nígbà tí Ọmọọba Nikolaus fẹ́ràn ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní baryton, Haydn kọ orin tó lé ní 120 fún un láti máa fi ta á. (Ta ló tún ń ta baryton lónìí? Orin tó lé ní 120, torí pé ọ̀gá fẹ́ ṣeré!)

Ní ọdún 1772, Ọmọọba náà ń pẹ́ jù ní ààfin rẹ̀ ní Eszterháza, ìyàwó àwọn olórin sì wà ní Eisenstadt. Haydn ò lè lọ sọ fún ọ̀gá pé ó tó. Ó kọ síńfónì kan tí apá tó kẹ́yìn rẹ̀ ń rọ̀ lọ: olórin kan á parí tirẹ̀, á pa àbẹ́là tó wà níwájú rẹ̀, á jáde, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí tó fi ku fayolíìnì méjì. Ọmọọba gbọ́ èdè náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di ẹrù. Ẹ ò rí i pé ìdákẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn náà?

Ní ọdún 1779 wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ kọ, wọ́n sì yọ gbólóhùn pé Ọmọọba ló ni gbogbo orin kúrò. Ìgbà náà ni ọjà ṣí. Ẹgbẹ́ kan wà ní Páríìsì, Concert de la Loge Olympique, tí Count d'Ogny jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń náwó sí i. Wọ́n ní kí Haydn kọ síńfónì mẹ́fà fún àwọn, nọ́ńbà 82 sí 87, 25 louis wúrà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 5 louis lórí rẹ̀ fún àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ jáde. Tuileries ni wọ́n ti ṣe wọ́n, àwọn olórin wọ ẹ̀wù ọlọ́nà, idà wà ní ìbàdí wọn. Wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọ́n gbọ́, d'Ogny tún bèèrè mẹ́ta sí i. 90 ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ọmọọba Jámánì kan, ti Oettingen-Wallerstein, náà ń bèèrè síńfónì mẹ́ta tí ẹlòmíràn kò ní ní. Ẹ mọ ohun tí Haydn ṣe? Àwọn mẹ́ta kan náà ló tà fún un. Ó ní ojú ń dun òun, òun ò lè fi ìwé tí òun fọwọ́ kọ ránṣẹ́, kó gba àwòkọ. Ìránṣẹ́ tó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun fún ọdún pípẹ́ ti mọ ọ̀nà ọjà.

Ẹni tó dúró níwájú ẹgbẹ́ olórin yẹn ní Páríìsì, Joseph Bologne, Chevalier de Saint-Georges, òun ni mo fẹ́ kí ẹ lọ gbọ́ lẹ́yìn Haydn. Guadeloupe ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1745. Bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun tó ní oko ìrèké, ìyá rẹ̀, Nanon, jẹ́ ẹrú aláwọ̀ dúdú. Ó ta fayolíìnì débi pé àwọn kọ̀ńṣáátò tó kọ fún ara rẹ̀ ṣì ń mú ọwọ́ àwọn olórin òde òní gbọ̀n. Idà ńkọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó lè dojú kọ ọ́ ní Faransé. Ní ọdún 1776 wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí Ópẹ́rà Páríìsì. Àwọn akọrin àti oníjó obìnrin kan kọ̀wé sí Ọbabìnrin pé àwọn ò lè gbàṣẹ lẹ́nu aláwọ̀ àdàlù. Ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Nígbà tí èrò bá ń pàtẹ́wọ́ fún un ní alẹ́, wọn ò rí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé ni wọ́n rí i.

Olùṣọ́Òru

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lóru àná, mo sì rẹ́rìn-ín nìkan débi pé awakọ̀ kan tó wá já ẹrù bi mí bóyá ara mi yá. Owó òkú! "Wọn ò kú tó!" Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin ará. Èmi náà ti ka owó oṣù mi rí ní ọ̀nà tí n kò lè sọ níta.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí mímí. Mo tún fetí sí i lóru àná. Bach bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà, kò yà, kò dúró títí tó fi dé. Haydn á sọ gbólóhùn kan, á dúró, á fi òmíràn dá ara rẹ̀ lóhùn, á pariwo, á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, inú á bí i, á tún rẹ́rìn-ín, nínú ìṣẹ́jú márùn-ún kan náà. Ṣé ìwà wọn ló yàtọ̀ ni, àbí ohun èlò?

ÌyáDùrù

Bàbá, etí yín dáa ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tó sanwó kọ́ ọ lọ. Méjèèjì ni, nǹkan kẹta sì wà níbẹ̀.

Hápúsíkọ́ọ̀dù, dùrù àtijọ́ kan, wà nílé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìka mi mọ̀. Bí mo bá tẹ ojú rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gòkè nínú rẹ̀, ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ tó wà lára igi náà á sì já okùn. Bí mo tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan o, bí mo tẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ o, bákan náà ló ń dún. Ọ́gáànì ṣọ́ọ̀ṣì náà rí bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí i ló ń ké, kì í ṣe agbára ìka. Níbi tí ariwo kò ti lè lọ sókè sódò lábẹ́ ìka, kí lèèyàn máa fi sọ̀rọ̀? Ìrìn ni. Ohùn púpọ̀ tó ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú fúgù, ohùn kan á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, èkejì á gbé ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tí èkíní ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta á dé. Nígbà tí ọ̀kan bá mí, àwọn yòókù kò mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé kò sí ẹni tó ń mí. Wọ́n ń mí o, ṣùgbọ́n wọn ò jùmọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ni.

Wọ́n tún gbà nígbà náà pé orin kan, ìmọ̀lára kan. Bí ìbànújẹ́ ló bá bẹ̀rẹ̀, ìbànújẹ́ ni títí á fi parí. Bí ayọ̀ ni, ayọ̀ ni. Ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró ló ń gbé gbogbo rẹ̀ rìn: ṣẹ́lò àti hápúsíkọ́ọ̀dù jọ ń tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ fún oníkọ́ọ̀dù irú ohùn tí yóò fi kún un. Ìka òun fúnra rẹ̀ ló kù tí yóò wá ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ní Florence, Bartolomeo Cristofori, tó ń tọ́jú ohun èlò fún Ọmọọba Medici kan, ṣe dùrù tó ń fi òòlù lu okùn dípò kó já a. Pìánò nìyẹn: ẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́, á dún wẹ́lẹ́; ẹ tẹ̀ ẹ́ le, á ké. Bach fúnra rẹ̀ dán èyí tí Silbermann, aṣe-ohun-èlò Jámánì kan, ṣe wò, kò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó padà gbà á. Ní ọdún 1747 tó lọ sí Potsdam lọ́dọ̀ Ọba Frederick ti Prussia, níbi tí ọmọ rẹ̀ Carl Philipp Emanuel ti ń ṣiṣẹ́, ọba fi dùrù Silbermann ta orin kan fún un pé kó fi ṣe fúgù lójú ẹsẹ̀. Ó ṣe é. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n ọba fúnra rẹ̀, orin fèrè tó rọrùn ló fẹ́ràn.

Ìyẹn ló gbé mi dé nǹkan kẹta. Adùn ti yí padà nígbà tí Bach ṣì wà láàyè. Ní ọdún 1737, Scheibe, ẹnì kan tó ń kọ̀wé nípa orin, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Bach ń fi ọgbọ́n àpọ̀jù bo ẹwà orin mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "Baroque" gan-an, èébú ni níbẹ̀rẹ̀. Àwọn Pọtogí ló ń fi í pe péálì tí kò rí rogodo. Àwọn tó ń bọ̀ fẹ́ orin tí ohùn kan ń kọ lókè tí ìyókù ń gbè, tí gbólóhùn rẹ̀ ń dúró kí èèyàn lè gbọ́ ọ, tí ọmọbìnrin tó ní pìánò nílé lè ra ìwé rẹ̀ kó sì ta á lálẹ́. Ọmọ Bach tó kéré jù, Johann Christian, lọ ń ta irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Mozart ọmọ ọdún mẹ́jọ ti bá a ní ọdún 1764, wọ́n jọ jókòó sídìí dùrù, ọmọ náà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ilé bàbá dé ọ̀dọ̀ Mozart, ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín.

AkọrinBéèsì

Mo gba ti hápúsíkọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n Àǹtí, a máa ń kọ Bach nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ọ̀fun wa sì lè lọ sókè sódò bó ṣe wù wá, síbẹ̀ kò fún wa láyè àtimí. Ó kọ ọ́ fún ohùn èèyàn bí ẹni pé ọ́gáànì ni wá. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ní ojú ewé kẹta, gbogbo àwa tó ń kọ béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, la máa ń yọ́ mí.

OníwèéÀtijọ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó kan. Haydn kọ ọ́ pé kí wọ́n tún ìdajì kejì apá kẹrin yẹn ṣe. Ọ̀pọ̀ kì í tún un. Ẹ wá èyí tí wọ́n tún un.

Olùṣọ́Òru

Mo ti rí i. Alẹ́ àná kì í ṣe alẹ́ iṣẹ́ mi, mo gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú pálọ̀. Ìyàwó mi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, n kò sọ nǹkan kan fún un. Orin dé òpin, ìlù dún gbì, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, mo ń ka báà: ení, èjì. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní "Eléyìí mà dùn o," ó pàtẹ́wọ́. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí, mo wo àjà.

Ìgbà tó tún dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún pàtẹ́wọ́.